Eyín Iwájú Saidat

Ọwọ́ ni Saidat fi bo ẹnu rẹ̀ nígbà tó kọ́kọ́ wọ kíliníìkì eyín kan ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, kò sì gbé ọwọ́ náà kúrò títí wọ́n fi pe orúkọ rẹ̀. Tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi ni ní Sábó. Iṣẹ́ orin, àtẹ́wọ́ àti ẹ̀rín ni iṣẹ́ náà, ẹni tí kò bá lè la ẹnu kò lè ṣe é. Láti bí ọ̀sẹ̀ kan ló ti ń fi ètè dídì kọ́ àwọn ọmọ lórin, kí ọ̀kan nínú wọn tó rí ohun tó ń fi pa mọ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè fún ayọ̀.

"Àǹtí, eyín tiyín náà ti ká bíi tèmi! Ẹ jù ú sórí òrùlé o, òmíràn á hù!"

Saidat bá wọn rẹ́rìn-ín, ó wá lọ ti ara rẹ̀ mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Dókítà ọ̀hún kéré sí bó ṣe rò. Túbọ̀sún Adéníran ni orúkọ rẹ̀. Ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú ló ń lò, ìsàlẹ̀ ni kíliníìkì, òkè ni òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé. Ó ní kí Saidat gbọ́wọ́ kúrò lẹ́nu. Ó wo eyín iwájú tó kán ní àárín, ó wo ètè òkè.

"Kí ló ṣe é?"

"Mo ṣubú ni, sà."

"Ilẹ̀ wo ló ń wọ òrùka?"

Ohùn jẹ́jẹ́ ló fi bi í, kò fi í ṣẹ̀sín. Àpá òrùka ṣì wà lára ètè náà lóòótọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí Saidat kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ ti tú jáde: pé ọkùnrin kan wà ní Musin tó ń jẹ́ Quadri, pé wọ́n ti ń múra ìgbéyàwó, pé ó gbá òun lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lẹ́nu lójú àwọn oníbàárà rẹ̀ torí pé òun dá a lóhùn, àti pé lọ́jọ́ kejì, òun kó gbogbo ẹrù tó rà fún òun, òun dà á sí iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń tijú, àfi bíi pé òun gan-an ló gbá ara òun lẹ́nu.

"O ṣe dáadáa," ni Túbọ̀sún wí. "Ẹrù tó o dà nù yẹn, kerosíìnì ló kù kó o dà sí i."

Saidat ti rẹ́rìn-ín kó tó rántí pé òun ò fẹ́ rẹ́rìn-ín mọ́.

Túbọ̀sún gun òkè lọ, ó sì mú ìgò dúdú kékeré kan bọ̀, tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń lẹ eyín ló wà nínú rẹ̀.

"Fíríìjì Mọ́mì ló ń gbé," ó ṣàlàyé bó ṣe ń múra. "Iná ò dúró nísàlẹ̀ níbí, àmọ́ ínfátà wà lókè. Nǹkan yìí ò fẹ́ ooru rárá. Tí ooru bá ti mú un, kò ní pariwo. Wàá lò ó, á lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, á dán, gbogbo èèyàn á ní o kú iṣẹ́. Omi ẹnu láá wá máa yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ tó bá fẹ́ já, kò ní sọ fún ẹ. Mo ti fi àlàyé yìí pa Mọ́mì létí, wọ́n ti mọ̀ ọ́n sórí ju katikísìmù lọ."

Ó kán gọ́ọ̀mù náà sínú àwo pẹlẹbẹ kékeré, ó ń ṣàn bí omi. Ó fi kùn ún, ó mọ eyín tuntun lé e, ó tan iná búlúù sí i. Nígbà tó gbé dígí fún Saidat, Saidat wo inú dígí náà títí, kò mọ̀ pé omi ti ń bọ́ lójú òun.

Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni ìfẹ́ wọlé o. Oṣù kan kọjá kí Túbọ̀sún tó yọjú sí ilé ẹ̀kọ́ náà ní Sábó, tó ní òun fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń fọ eyín. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ó tún wá kọ́ wọn ní ohun kan náà. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ fà á sí kọ̀rọ̀, ó ní eyín àwọn ọmọ òun ti mọ́ tó, kó kúkú sọ ẹni tó ń wá.

Ẹ̀rù ọkùnrin ṣì ń ba Saidat nígbà náà. Bí Túbọ̀sún bá kàn gbọ́wọ́ sókè láti wo aago, ara Saidat á gbọ̀n. Túbọ̀sún rí i. Láti ọjọ́ náà ló ti ń kéde ọwọ́ rẹ̀ kó tó gbé e. "Mo fẹ́ mú fóònù o." "Mo fẹ́ tún gèlè ẹ ṣe o." "Mo fẹ́ dì ẹ́ mọ́ra o, tí o bá fẹ́." Obìnrin wo ló máa rí irú èyí tí kò ní kó sí i lọ́wọ́? Saidat kó sí i pátápátá.

Ìyá Túbọ̀sún ló wá kù. Mọ́mì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ó ń ta aṣọ lọ́jà Yábàá, ó ti di opó láti ìgbà tí Túbọ̀sún, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti wà ní kékeré. Lọ́jọ́ tí Túbọ̀sún mú Saidat gun òkè, Mọ́mì gbé oúnjẹ fún un, ó jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán, kó tó bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Ọmọ Musin, ta ni bàbá rẹ?"

"Bàbá Àmínù ni wọ́n ń pè wọ́n, mà. Wọ́n máa ń tún ara ọkọ̀ tó bá ti rún ṣe."

"Iṣẹ́ gidi ni. Ṣé ẹnì kan ti fẹ́ ọ sọ́nà rí?"

Saidat wo ojú Túbọ̀sún. Túbọ̀sún mi orí díẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀: má sọ.

"Rárá, mà."

"Ọkùnrin kankan ò lù ọ́ rí? Má bínú pé mò ń béèrè. Àbúrò mi fẹ́ obìnrin kan tí ẹni àkọ́kọ́ máa ń lù. Ọkùnrin yẹn ò yéé yọjú sí wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ tó yọjú kẹ́yìn, ọ̀bẹ ló mú wá. A sin àbúrò mi. Mi ò ní fi ọmọ kan ṣoṣo tí mo ní ṣe odi fún obìnrin kankan."

Bí Saidat bá sọ òótọ́ báyìí, ọ̀rọ̀ náà lè tán níbẹ̀. Bí kò bá sọ ọ́, irọ́ ni yóò gbé wọlé ọkọ. Ó tún wo Túbọ̀sún, Túbọ̀sún tún mi orí.

"Rárá, mà," ó tún wí.

Bí wọ́n ṣe sọ̀kalẹ̀ ni Saidat kọjú sí Túbọ̀sún. "Kí ló dé tó o ní kí n parọ́ fún wọn?"

"Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn ẹ ná. Èmi fúnra mi máa sọ fún wọn."

"Nígbà wo?"

"Saidat, mo ní màá sọ."

Kò sọ ọ́. Oṣù ń yí lu oṣù, bí Saidat bá sì ti dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, Túbọ̀sún á ní orí ń fọ́ Mọ́mì lọ́sẹ̀ yìí, tàbí pé ọjà ò tà, kò yẹ kí èèyàn fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kún un.

Wọ́n yan alárinà. Àǹtí Gertrude, àbúrò bàbá Túbọ̀sún, ni. Obìnrin ọlọ́yàyà ni, ó fẹ́ràn Saidat, ó sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀. Òun ni wọ́n ní kó lọ wádìí ìdílé Saidat ní Musin, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó wọra. Saidat gbọ́ lẹ́nu ará ilé wọn pé obìnrin kan wá jókòó lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ata, ó pẹ́ níbẹ̀, ó ń bi wọ́n léèrè òun. Oorun kò kùn ún mọ́. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á, ó lọ bá Àǹtí Gertrude nílé.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n sọ fún yín nípa mi?"

Àǹtí Gertrude fà á mọ́ra. "Wọ́n sọ ọ́. Ti Quadri, ti eyín, gbogbo ẹ̀. Gbọ́ mi, ọmọ mi, mo ti gbé e mì. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi láé."

Saidat kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní ìyàwó mi. Ó fún un ní aṣọ lọ́jà, ó kọ́ ọ bí Túbọ̀sún ṣe ń fẹ́ ọbẹ̀ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló mú ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ayọ̀ ò jẹ́ kí Saidat ronú. Ẹni tí oúnjẹ dé iwájú rẹ̀ lẹ́yìn ebi ọjọ́ pípẹ́ kì í bi ẹni tó sè é léèrè.

Ọjọ́ náà ń sún mọ́lé nígbà tí Túbọ̀sún rí i pé etí ibi tí òun lẹ eyín Saidat mọ́ ti ń dúdú díẹ̀. Ó ní òun máa tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, kí ìyàwó òun má bàa jáde síta bẹ́ẹ̀. Ó ti ra ìgò gọ́ọ̀mù tuntun kan, èyí tó dáa jù, torí eyín yìí nìkan. Ó fi sínú fíríìjì lókè, ó ní kí ìyá òun má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Mọ́mì ní òun gbọ́.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ náà, Túbọ̀sún yọ eyín àtijọ́ náà kúrò, ó kán gọ́ọ̀mù sínú àwo pẹlẹbẹ. Ó dáwọ́ dúró. Ó yí àwo náà síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ń wo inú rẹ̀.

"Kí ló dé?" Saidat bi í.

"Kò sí. La ẹnu."

Ó gbọ́wọ́ lé e lẹ́nu láìkéde, Saidat sì ta gìrì lórí àga. Ó bẹ̀ ẹ́, ó ní ọkàn òun ò sí níbẹ̀ ni. Nígbà tó ṣe tán, eyín náà ń dán, ó dọ́gba mọ́ èkejì débi pé ìyá tó bí Saidat ò lè sọ èwo ni tòótọ́.

Ilé Bàbá Àmínù ní Musin ni wọ́n ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bàbá ti kun ìta ilé, ó ti kó gbogbo irin àti ilẹ̀kùn ọkọ̀ tó máa ń to síbẹ̀ kúrò. Ẹbí Túbọ̀sún dé, Bàbá Akínlabí, tó dàgbà jù nínú wọn, ló ń gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n pe Saidat jáde. Ó kúnlẹ̀. Wọ́n fi oyin wúre fún un, wọ́n fi iyọ̀ wúre. Ó kan orógbó. Bàbá Akínlabí fẹ́ fi ọ̀bẹ gé e, ni Mọ́mì bá dìde, ó mú odidi ọ̀kan nínú àwo.

"Ẹ jẹ́ kó gé e fúnra rẹ̀. Fi eyín iwájú gé e, ìyàwó mi, kí gbogbo wa rí i."

Saidat gé e. Kò dùn ún rárá, ìyẹn ló tilẹ̀ bà á lẹ́rù jù. Ó kàn mọ̀ pé ohun líle méjì ló wà lẹ́nu òun, ọ̀kan ò sì korò. Ó ti í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó pa ẹnu dé, ó ń gbìyànjú àtirẹ́rìn-ín pẹ̀lú ojú.

Mọ́mì na àtẹ́lẹwọ́ sí i. "Tu ú sí mi lọ́wọ́."

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́," ni Saidat wí, ẹnu tó sì fi bẹ̀bẹ̀ náà ló tú u.

Saidat tu eyín náà sí ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀. Mọ́mì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, ó wò ó bí ẹni tí kò rí irú rẹ̀ rí.

"Kí lèyí? Ta ló yọ ojúlówó?"

Bàbá Àmínù ló kọ́kọ́ dìde. Ó ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí. "Ẹ má bínú. Ọmọkùnrin kan ló gbá a lẹ́nu nígbà kan. A ti lé e. Ó ti tán."

"Ẹ dìde, sà. Mi ò bínú sí yín. Ọmọ yín ni mo bi léèrè nínú pálọ̀ mi, mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ọkùnrin kan lù ú rí. Ẹ bi í léèrè ohun tó fi dá mi lóhùn."

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Saidat. Saidat yí ojú tirẹ̀ sọ́dọ̀ Túbọ̀sún. Gbólóhùn kan péré ló ń dúró dè: èmi ni mo ní kó má sọ. Bí ó bá sọ ọ́, ìtìjú náà á di ti àwọn méjèèjì, wọ́n á sì jọ rù ú. Túbọ̀sún ń wo imú bàtà rẹ̀. Ó wò ó títí Bàbá Akínlabí fi ní kí àwọn lọ ronú sí i nílé, Túbọ̀sún sì tẹ̀ lé àwọn èèyàn rẹ̀ jáde.

Ọjọ́ méjì ni Saidat fi pè é lórí fóònù, kò gbé e. Ní ọjọ́ kẹta ó bo ẹnu, ó wọ kéké lọ sí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ní ẹnu àtẹ̀gùn ni Mọ́mì ti rí i, ó ní kó gòkè wá. Kíṣìnnì ló mú un lọ. Ó fi ọwọ́ kan fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀.

"Ibí yìí ni mò ń gbé ìgò náà sí láràárọ̀ kí n tó lọ sọ́jà," ó wí, bí ẹni ń kọ́ni ní oúnjẹ sísè. "Tí mo bá dé, màá dá a padà sí fíríìjì, kó tutù kí Túbọ̀sún tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo fi ṣe é. Gertrude ti sọ ti eyín náà fún mi lálẹ́ ọjọ́ tó ti Musin dé."

Saidat di etí síǹkì mú. "Mọ́mì, kí ni mo ṣe fún yín?"

"O ò ṣe mi ní nǹkan kan. Ọmọ dáadáa ni ọ́. Àmọ́ tí mo bá ní mi ò fẹ́ ọ, Túbọ̀sún á gbé ọ sá lọ. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ́ sílẹ̀."

"Mo máa sọ fún un."

"Sọ fún un," ni Mọ́mì wí, ó sì rẹ́rìn-ín sí i, ẹ̀rín àánú. "Ó wà nísàlẹ̀."

Saidat fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àtẹ̀gùn. Kì í ṣe ìbànújẹ́ ló ń lé e sáré, ayọ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ti yanjú! Kì í ṣe pé Túbọ̀sún ò fẹ́ òun, ìyá rẹ̀ ló ṣe àwọn méjèèjì ní jàm̀bá. Bí ó bá ti gbọ́ báyìí, inú á bí i, á fa òun lọ́wọ́, wọ́n á lọ gba ilé tiwọn. Ó já wọ inú yàrá iṣẹ́ náà.

"Mọ́mì ló ba gọ́ọ̀mù náà jẹ́! Oòrùn ni wọ́n ń gbé e sí! Àwọn fúnra wọn ló sọ fún mi!"

Túbọ̀sún ń fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́ lọ, kò yí padà.

"Túbọ̀sún, ṣé o gbọ́ mi?"

"Mo mọ̀."

"O mọ kí ni?"

"Ọjọ́ tí mo kán an sínú àwo, kò ṣàn. Ó ti ń fà. Mo mọ̀ pé ooru ti mú un. Kò sì sí ẹlòmíì tó ń ṣí fíríìjì yẹn."

Saidat jókòó sórí àga aláìsàn, torí pé òun ló sún mọ́ ọn jù. "O mọ̀, o wá fi lẹ̀ mí lẹ́nu."

"Mo ní bóyá á dúró."

"Tí kò bá wá dúró ńkọ́?"

Túbọ̀sún dáhùn bí ọmọdé tí wọ́n ká mọ́. "Mo ní tí kò bá dúró, á jẹ́ pé kì í ṣe èmi ni mo ní mi ò ṣe mọ́. Mi ò lè wo ojú ẹ kí n sọ ọ́, Saidat. Mi ò sì lè wo ojú Mọ́mì. Mo fẹ́ràn ẹ o. Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ràn ẹ."

Saidat fẹ́ gbá a létí. Ó fẹ́ fọ́ gbogbo ìgò tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀la ni ilé ẹ̀kọ́ ń wọlé, àwọn ọmọ yóò jókòó yí i ká lórí ẹní, wọn yóò máa wo ẹnu rẹ̀. Ó ronú kan àwọn ọmọ náà, ó ronú kan bàbá rẹ̀ lórí ìdọ̀bálẹ̀, ó sì la ẹnu.

"Tún un ṣe."

Ìgò gọ́ọ̀mù kan wà nínú kúlà tí yìnyín kún, Túbọ̀sún ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á láàárọ̀ ọjọ́ náà ni. Ó nu kùkùté eyín náà gbẹ dáadáa, ó kán gọ́ọ̀mù, ó ń ṣàn bí omi, ó mọ eyín tuntun lé e. Ó fara balẹ̀ ṣe é ju bó ṣe ṣe àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ, òógùn ń kán lójú rẹ̀, omi ojú ń bá a kán. Nígbà tó pa iná búlúù náà, ó ní, "Má wá mọ́, jọ̀ọ́. Mọ́mì ò ní fẹ́."

Ọdún mẹ́ta ti kọjá. Túbọ̀sún ti gbé ọmọ Ìjẹ̀bú kan níyàwó, wọ́n ti bímọ. Saidat ṣì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sábó. Ó ti fi eyín náà gé ìrèké, ó ti fi já okùn, ó ti fi ṣí ọ̀rá tó le, ó ń dúró de ọjọ́ tí yóò jábọ́. Kò mì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ló wá lọ bá obìnrin dókítà eyín kan ní Yábàá, ó ní kó bá òun yọ ọ́, kó fi òmíràn sí i.

Obìnrin náà tan iná sí i lẹ́nu. Ó fi irin kàn án lókè, ó fi kàn án nísàlẹ̀, ó pe igbákejì rẹ̀ wá wò ó.

"Àǹtí, kí lẹ fẹ́ yọ ọ́ sí? Kò sí ohun tó ṣe é, èyí á bá yín dalẹ́. Ta ló ṣe é fún yín? Ẹni yẹn fẹ́ràn yín o."

Saidat ní kó má yọ ọ́ mọ́, ó dúpẹ́, ó sì bọ́ sílẹ̀ lórí àga.